Ẹni Tó Ní Ká Má Wó Ilé Àtijọ́, Kó Mú Owó Wá

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lulẹ̀ nítòsí gbàgede Tinúbú ní erékùṣù Èkó. Ilojo Bar ni àwọn ènìyàn ń pe ilé náà. Ní nǹkan bí ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìdílé Fernandez ló sì kọ́kọ́ ni ín. Nígbà tó di ọdún 1933, Alfred Omolana Olaiya rà á, orúkọ Ilojo sì mọ́ ilé náà lára láti ìgbà náà. Ọnà àwọn Àgùdà ni wọ́n fi kọ́ ọ: ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọfà lókè, kò sí èyí tí wọn kò ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ níbẹ̀. Àgùdà ni à ń pe àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, tí àwọn àti àwọn ọmọ wọn padà wá sílé. Wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ dání bọ̀: iṣẹ́ kàfíńtà, iṣẹ́ birikìlà, iṣẹ́ aránṣọ. Ilé tí wọ́n fi iṣẹ́ yìí kọ́ ní Pópó Àgùdà ni àwọn olówó káàkiri ilẹ̀ Yorùbá wò kọ́ tiwọn nígbà tó yá.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ ilé yìí yàtọ̀ ni pé òfin ń dáàbò bò ó. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, lábẹ́ òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣe ní ọdún 1953. Ìtumọ̀ ìkéde bẹ́ẹ̀ ni pé onílé kò gbọdọ̀ wó o, kò sì gbọdọ̀ yí i padà láìgba àṣẹ. Ọgọ́ta ọdún gbáko ni ilé náà fi wà lábẹ́ òfin, síbẹ̀ ìwọ̀nba wákàtí ni wọ́n fi sọ ọ́ di òkìtì àlàpà.

Ìbéèrè tí wọ́n gbé síwájú wa ni pé, ǹjẹ́ ó yẹ kí ìlú ìgbàlódé máa tún àwọn ilé àtijọ́ rẹ̀ ṣe? Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tí a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa òwe. N kò ní fi òwe odò tó gbàgbé orísun rẹ̀ dá yín lágara. Èmi náà gbà pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ìbéèrè náà kò tíì pé. Ohun tó yẹ ká bi ara wa tẹ̀ lé e ni pé, ta ni yóò san owó rẹ̀? Bí mo ṣe wo ọ̀rọ̀ Ilojo Bar sí, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n wó o ló kú. Ó ti ń kú díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, bí ọdún ti ń gorí ọdún tó sì ń gbó lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ara wa sí ipò onílé. Ilẹ̀ tó wà ní agbègbè Tinúbú kì í ṣe ilẹ̀ tí à ń fi ojú kékeré wò. Báǹkì ló yí ibẹ̀ ká, àti ọ́fíìsì alájà púpọ̀. Ká ní bàbá wa ra ilé kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1933, àwọn ọmọ bí ọmọ, àwọn ọmọ ọmọ náà sì bímọ. Ilé ń jò. Pákó òrùlé ti ń jẹrà. Owó tí rẹ́ǹtì ń mú wá kò tó ra igi ìtìlẹ́, kí a má tilẹ̀ tíì sọ ti birikìlà tó mọ iṣẹ́ ayé àtijọ́. Ìjọba ní a kò gbọdọ̀ wó o. Àwọn onímọ̀ ń wá ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ń yìn ín, wọ́n sì ń lọ. Inú mi kò dùn pé wọ́n wó ilé náà, ó sì dùn mí pé n kò ní rí i láé àfi nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ìdílé tó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní àròyé.

Àwọn kan máa ń sọ pé títún ilé àtijọ́ ṣe jẹ́ àṣà òyìnbó, pé àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní, ṣebí Yorùbá ló sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ohun tó túmọ̀ sí lójú wọn ni pé kí ògbólógbòó lọ kí tuntun lè wọlé. Mo rò pé wọn kò gbọ́ òwe náà tán. Kí ló dé tó fi jẹ́ ilé ọba, tí kì í ṣe ilé ẹlòmíràn? Bí ilé mẹ̀kúnnù bá jó, ẹkún ni. Ilé ọba tó jó ń ní ẹwà sí i nítorí pé gbogbo ìlú ni yóò kóra jọ láti tún un kọ́. Ní Ọ̀yọ́ ní ayé àtijọ́, wọ́n máa ń ṣe ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ̀rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ ni koríko gígùn tí wọ́n fi ń bo ilé kí páànù tó dé. Nígbà ọdún náà, àwọn ènìyàn a máa kó koríko yìí wá sí ààfin láti fi tún òrùlé Aláàfin ṣe. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ju ayẹyẹ lọ. Ètò ìtọ́jú ilé ni, tí wọ́n so mọ́ ọdún kí ó má baà di ìgbàgbé, tí wọ́n sì pín iṣẹ́ rẹ̀ kí ó má baà wọ ẹnì kan lọ́rùn. Àwọn baba wa kò sọ fún Aláàfin pé ààfin rẹ ṣe pàtàkì sí wa, má jẹ́ kó wó o, kí wọ́n sì kọjá lọ. Wọ́n gbé koríko rù.

Irú rẹ̀ ṣì ń ṣẹlẹ̀ títí di òní ní Djenné, ní orílẹ̀-èdè Mali. Mọ́sáláṣí ńlá tó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n tún kọ́ ní ọdún 1907, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́ látòkè délẹ̀. Òjò sì kì í bá amọ̀ ṣọ̀rẹ́. Nítorí náà, lọ́dọọdún, gbogbo ìlú a jáde, àgbà àti ọmọdé. Àwọn kan a pò amọ̀, àwọn kan a gbé e, àwọn birikìlà ìlú a sì gun àwọn igi tó yọ jáde lára ògiri láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ. Ilé náà kì í gbó nítorí pé wọn kì í fi í sílẹ̀ kó gbó. Ní ọdún 1988, àjọ UNESCO fi Djenné sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé. Ó wù mí kí ẹ rántí amọ̀ yìí, nítorí mo máa padà sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá sí tòsí wa. Láti Wásinmi dé Apòmù kò jìnnà rárá. Ní ayé àtijọ́, ọjà Apòmù jẹ́ ọjà ńlá tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Samuel Johnson, àlùfáà tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921, kọ ọ́ pé àríyànjiyàn lórí atare nínú ọjà yìí wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀. Atare lásán! Láàárín ọdún 1820 sí 1830, ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé, pa ìlú Òwu run. Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. Johnson sọ pé àwọn tó ṣẹ́gun pàṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ tún Òwu kọ́ mọ́ láé. Ènìyàn lè dáko lórí ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo bi ara mi pé kí ló bà wọ́n lẹ́rù? Àwọn ènìyàn Òwu ti tú ká, púpọ̀ nínú wọn sì di ará Abẹ́òkúta nígbà tó yá. Ògiri lásán ló kù. Ṣùgbọ́n àwọn jagunjagun yẹn mọ ohun tí àwa kò fẹ́ gbà. Wọ́n mọ̀ pé bí ògiri bá tún dúró, àwọn ènìyàn yóò padà wá bá a, wọn yóò sì rántí ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìlú kan di ìgbàgbé, ilé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dojú kọ. Ohun kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣe sí Warsaw, olú ìlú Pólándì, ní ọdún 1944. Òpópó lẹ́yìn òpópó ni wọ́n ń fi àdó olóró wó ilé. Lẹ́yìn ogun, àwọn ará Warsaw tún ìlú àtijọ́ wọn kọ́ ní àwòrán bó ṣe wà, láìka pé owó kò sí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lo àwòrán tí ayàwòrán kan ti yà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọ́n tún lo ìwọ̀n àwọn ilé náà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilé yíyà ti ṣe sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi pamọ́ nígbà ogun. Ní ọdún 1980, ìlú tí wọ́n tún kọ́ yẹn wọ àkọsílẹ̀ UNESCO.

Wásinmi kì í ṣe Warsaw, mo mọ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe Èkó. Orúkọ ìlú wa gan-an dà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ẹni tó ń rìnrìn àjò kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rìn láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Ìkirè tàbí Apòmù, ẹ ó rí àwọn ilé tí owó kòkó kọ́: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ onípákó, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó sí ara òpó rẹ̀. Àwọn mìíràn ṣì ní ènìyàn nínú. Àwọn mìíràn, ewúrẹ́ ló ń gbé ibẹ̀.

Bàbá tó bí bàbá àgbà mi kọ́ ilé kan sí agbo ilé wa. Ilé alámọ̀ ni, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára nígbà tó yá. Ní ọdún tó kọjá, òjò wó yàrá méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹbí sì ṣe ìpàdé. Àwọn kan ní ká wó gbogbo rẹ̀, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ yàrá mẹ́rin àti ilé ìwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní Èkó sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, pé ìtàn ìdílé wa ni, pé níbẹ̀ ni wọ́n bí òun sí. Ó sọ̀rọ̀ náà dáadáa, kódà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Ìyá àgbà gba fóònù lọ́wọ́ bàbá mi, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Ìwọ tó o ní ká má wó o, èló lo fi ránṣẹ́ fún páànù?”

Gbogbo ilé dákẹ́. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n wó ẹ̀yìn ilé náà, wọ́n sì kọ́ yàrá síbẹ̀. Wọ́n dá pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú sí, nítorí pé ibẹ̀ la ti ń ṣe ìpàdé ẹbí, ibẹ̀ náà la sì ń gba àlejò sí. Ibi tí à ń lò ló dúró.

Mo ti rí ohun kan náà káàkiri nínú ohun tí mo kà. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street ní Èkó, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Àgùdà kan tó ń jẹ́ João Baptista da Costa ló darí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kírun nínú rẹ̀, ó sì ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 2013. Kì í ṣe ìkéde yẹn ló gbé e ró fún ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń kírun níbẹ̀ ni. Ní Èbúté Mẹ́tta, ilé kan wà nínú ọgbà rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898. Ó ti bàjẹ́ kí ẹgbẹ́ Legacy, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tó tún un ṣe tán ní ọdún 2010. Wọ́n wá kó àwọn ohun èlò rélùwéè àtijọ́ àti fọ́tò síbẹ̀ kí ènìyàn lè máa wá wò wọ́n.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni Freedom Park. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n Broad Street tí ìjọba òyìnbó kọ́. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú ọgbà náà, ó sì ti di ààtàn, kí ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, tó mú àbá wá pé kí wọ́n sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́. Ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún, ni wọ́n ṣí i. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kọ́ pèpéle sí. Àwọn olórin àti àwọn òṣèré ló ń dúró níbẹ̀ báyìí. Àǹtí mi mú mi débẹ̀ rí, mo sì jẹun níbẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí ènìyàn máa jẹun nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ibẹ̀ jẹ́ ààtàn lọ.

Àwọn tó lòdì sí títún ilé àtijọ́ ṣe ní ọ̀rọ̀ kan tó lágbára, n kò sì fẹ́ fò ó dá. Wọ́n ní ilé ìwòsàn kò ní oògùn, àwọn ọmọ ilé ìwé ń jókòó sílẹ̀, ṣé ilé òkú ló yẹ ká máa náwó lé? Òótọ́ ni pé a kò lè tún gbogbo ilé ṣe. Ilé tó ti dẹ́gbẹ́ tó lè wó pa ọmọ ọlọ́mọ, tí kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ tí kò sí nínú ogún mìíràn bíi rẹ̀, kí wọ́n wó o. Kì í ṣe gbogbo ohun tó pẹ́ ló níyì. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti yà sọ́tọ̀ sí wọn nìyí: owó tí a bá fi tún ilé ṣe kì í ṣe owó tó wọ igbó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé onígíláàsì ní Èkó yóò ra gíláàsì àti táìsì láti òkè òkun. Ẹni tó bá fẹ́ tún ilé àtijọ́ ṣe, owó iṣẹ́ ló máa san jù, ìyẹn owó kàfíńtà, owó birikìlà, owó àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Owó náà yóò kù sí àdúgbò.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa mọ èyí dáadáa. Nígbà tí Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ń tún àwọn ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ṣe, kì í ṣe òyìnbó ló pè wá bá a ṣiṣẹ́. Birikìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú ló pè. Adébísí Àkànjí, tí orúkọ rẹ̀ kàn dé òkè òkun, iṣẹ́ birikìlà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2005, UNESCO fi igbó náà sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé. Lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, ẹ lọ bi àwọn tó ń ta oúnjẹ ní Òṣogbo bóyá ohun àtijọ́ ń mú owó wá.

Nítorí náà, bí ìlú bá kọ orúkọ ilé ẹnì kan sínú ìwé pé kò gbọdọ̀ wó o, ó yẹ kí ohun kan tẹ̀ lé ìwé náà. Kí wọ́n dá owó orí ilẹ̀ náà padà fún onílé láti fi tún un ṣe. Kí wọ́n gbà á láàyè láti fi ṣe ilé oúnjẹ tàbí ilé ìwé tàbí ọ́fíìsì, bí kò bá ti ba ojú ilé jẹ́. Bí ìdílé náà kò bá fẹ́ mọ́, kí ìjọba ra ilé náà ní iye tó tọ́. Ìlú tí kò bá lè ṣe ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó má tíì kọ orúkọ ilé ẹnikẹ́ni.

Mo ní mo máa padà sórí amọ̀. Ohun tó wó yàrá méjì yẹn nílé wa, bàbá birikìlà kan ní àdúgbò wa ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ló fà á. Amọ̀ máa ń fa omi, ó sì máa ń mí omi náà jáde. Bí sìmẹ́ńtì bá bò ó, omi tó gba òkè wọlé kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ògiri yóò máa rọ̀ nínú nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Ó ní kò yẹ kí wọ́n fi ohunkóhun rẹ́ ẹ ju amọ̀ lọ. Bàbá náà ti dàgbà, kò sì ní ọmọ iṣẹ́ kankan, nítorí pé búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ènìyàn ń kọ́. Ọdún mélòó ló kù tí ẹnì kan yóò fi wà ní agbègbè Ìkirè tó mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri?

Ohun kan wà tí kò gba owó ìjọba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Warsaw yẹn kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó wọn ilé. Mo ti bá olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa ní ìtàn sọ ọ́, wọ́n sì gbà pé kí àwa ọmọ kíláàsì àgbà bẹ̀rẹ̀ nígbà ìsinmi. A ó mú okùn ìwọnlẹ̀, ìwé àti fóònù, a ó lọ láti agbo ilé dé agbo ilé ní Wásinmi, a ó wọn gígùn àti ìbú ilé kọ̀ọ̀kan tó ṣáájú òmìnira ọdún 1960, a ó ya fọ́tò fèrèsé àti òpó rẹ̀, a ó sì kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ sílẹ̀ bí àwọn àgbà bá ṣì rántí. Ilé wa la ó ti bẹ̀rẹ̀, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá birikìlà náà ti ní òun máa tẹ̀ lé wa, bí a bá lè dúró kí òun parí iṣẹ́ oko ní àárọ̀.